Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: ỌGBÀ Ẹ̀FỌ́ ÀWỌN ỌMỌ ÌWÉ KARÙN-ÚN

A. Àyọkà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé kì í pẹ́ kí ó tó mọ ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bá ìyá tàbí ìyá àgbà jókòó ti igbá rí. Ẹ mọ bí a ti ń ka owó, ẹ mọ bí a ti ń fún oníbàárà ní ṣẹ́ńjì, ẹ sì mọ bí a ti ń dáhùn nígbà tí ènìyàn bá kí wa pé, “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá.” Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a bá ènìyàn ta ọjà, ọ̀tọ̀ ni kí a dá òwò sílẹ̀ fúnra wa. Ẹni tí ó bá dá òwò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó ti wá, ibi tí owó lọ, àti iye tí ó kù.

Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ibi tí ó dára láti kọ́ irú ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1956, Táí Ṣólàrín àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ a máa dáko, wọn a sì máa sin adìẹ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tí ó kàwé náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Junior Achievement sílẹ̀ ní ọdún 1919. Ẹgbẹ́ yìí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, bí a ti ń yan olórí fún un, àti bí a ti ń ta ohun tí a bá ṣe. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní ọdún 1999.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè rí bí òwò ilé-ẹ̀kọ́ ti ń lọ. Ọgbọ̀n ni wọ́n. Àǹtí tí ń kọ́ wọn sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ní sáà yìí a ó ṣe òwò. Kí ni kí a tà?”

Ariwo sọ. Ọmọ kan ní kí àwọn ta súìtì. Òmíràn ní kí àwọn ta omi tútù. Òmíràn ní ẹ̀pà. Àǹtí ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: “Ta ni yóò rà á? Ta ni ó ti ń tà á tẹ́lẹ̀? Kí ni àwa ní tí àwọn yòókù kò ní?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó ní kí wọ́n lọ wádìí.

Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan lọ bá àwọn olùkọ́. Àwọn kan lọ bá ìyá olóúnjẹ tí ó wà ní ẹ̀bá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn yòókù lọ kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ní ọjà. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ kú ọjà, mà.” Ìyá náà dá wọn lóhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà òjò, gbogbo ènìyàn ni í ní ẹ̀fọ́. Bí òjò bá ti dá, ẹ̀fọ́ a wọ́n. Ẹni tí ó bá lómi nítòsí ni í rí i gbìn.”

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Oṣù kìíní ni wọ́n wà, ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti mú. Kànga sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn tí kì í gbẹ. Ilẹ̀ tún wà lẹ́yìn kíláàsì wọn tí koríko nìkan ni ó ń hù níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe pinnu láti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ó máa ń tó fà.

Wọ́n yan ọmọkùnrin kan ní alága, wọ́n yan akọ̀wé, wọ́n sì yan ọmọbìnrin kan tí ó mọ ìṣirò dáadáa ní akápò. Ó ku owó. Olúkúlùkù wọn dá ₦200, ó jẹ́ ₦6,000. Èyí kò tó. Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ wá yá wọn ní ₦6,000 sí i. Kò sí èlé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà kí sáà tó parí. Àpapọ̀ owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Owó yìí ni a ń pè ní ojú owó.

Akọ̀wé fa ilà sí àárín ìwé kan. Ní apá òsì ni ó kọ owó tí ó wọlé sí, ní apá ọ̀tún ni ó kọ owó tí ó jáde sí. Bí wọ́n ṣe ná owó náà nìyí:

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀: ₦2,000
Ajílẹ̀ adìẹ, àpò 4, ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦4,000
Garawa oníhò tí a fi ń bomi rin ọgbà, 2, ₦2,500 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦5,000
Owó ọkọ̀: ₦1,000
Àpapọ̀: ₦12,000

(Àpẹẹrẹ ni iye owó wọ̀nyí. Ẹ mọ̀ pé iye owó ọjà a máa yí padà láti ìlú dé ìlú àti láti ọdún dé ọdún.)

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣán koríko, wọ́n kọ ebè gbọọrọ 10, wọ́n sì po ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà mọ́ yẹ̀pẹ̀. Ajílẹ̀ adìẹ tí kò tíì jẹrà a máa jó irúgbìn, nítorí náà wọn kò lo tútù. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀. Bí a bá bù ú lásán tí a fọ́n ọn, yóò pọ̀ jù ní ibì kan, kò sì ní sí rárá ní ibòmíràn. Wọ́n po ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó hù.

Láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ín. Àwọn mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe é lọ́jọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tí ilé wọn súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé, wọ́n fi ọwọ́ ṣà wọ́n dànù. Síbẹ̀, kòkòrò ba díẹ̀ jẹ́ nínú ẹ̀fọ́ náà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọjọ́ ọjà pé. Ní ìdájí ni wọ́n fa ẹ̀fọ́ náà, nítorí ẹ̀fọ́ tí a bá fà ní àná yóò ti rọ kí ó tó dé ọjà. Wọ́n dì í ní ìdì 120. Àǹtí yẹ̀ ẹ́ wò, ó yọ ìdì 10 tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Ó ní, “Bí a bá ta èyí fún oníbàárà lónìí, kò ní padà wá lọ́la.” Ìdì 110 ni ó dé ọjà, ₦200 sì ni iye ìdì kan.

Ọjà tà. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ta ìdì 100 ní owó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ta 10 tí ó kù ní àwìn. Ìyá olóúnjẹ gba 8, akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò san án. Ọkùnrin kan tí ó ń kọjá lọ gba 2, ó ní òun ń bọ̀ wá san án. Kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwìn. Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa ti ìlú kan dé ìlú kejì, wọn a sì máa ta aṣọ ní àwìn. Òṣómàáló ni a ń pè wọ́n. Orúkọ náà fi hàn pé bí ọjọ́ owó bá pé, wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Àwọn Òṣómàáló mọ ẹni tí wọ́n ta ọjà fún, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí owó yóò pé. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí, kí ó má ta àwìn.

Nígbà tí wọ́n padà dé kíláàsì, inú gbogbo wọn dùn. Ọmọ kan pariwo pé, “Èrè wa jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá náírà! Ẹ jẹ́ kí a ra búrẹ́dì àti ohun mímu!” Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́.

Akápò tú owó sórí tábìlì, ó kà á. Ó tún un kà. ₦19,600 ni ó bá níbẹ̀. ₦400 ti dín.

Kíláàsì pa rọ́rọ́. Gbogbo ojú yí sí akápò. Ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà?” Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Ó ní òun kò mú kọ́bọ̀.

Àǹtí na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Kí a tó wo ojú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a wo ojú ìwé.” Wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Ta ni ó ka ìdì ẹ̀fọ́? Ta ni ó di agbọ̀n? Ta ni ó ru agbọ̀n dé ọjà? Nígbà tí wọ́n dé ibí yìí, alága dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, aláàárù ni ó ru ú. Èmi ni mo gba ₦400 lọ́wọ́ akápò tí mo fi san owó fún un. N kò sọ fún akọ̀wé. Mo ti gbàgbé.” Ó yíjú sí akápò, ó ní kí ó má bínú. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn náà dìde, ó bẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé kọ ọ́ sí apá ọ̀tún ìwé: “Aláàárù, ₦400.” Owó náà pé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi òfin de ara wọn pé a kò gbọdọ̀ ná náírà kan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ń ṣọ́ owó, ó sì ń ṣọ́ orúkọ rere ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Àǹtí bi wọ́n pé, “Ta ni ó sọ pé èrè wa jẹ́ ₦20,000? Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ ra búrẹ́dì, kí ni a ó fi san owó Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́? Kí ni a ó fi ra irúgbìn mìíràn?” Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ mọ́. Wọ́n fi owó náà pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá olóúnjẹ san ₦1,600 tí ó jẹ. Ọkùnrin tí ó gba ìdì 2 kò padà wá mọ́. ₦400 tirẹ̀ di àdánù. Wọ́n wá jókòó ṣe ìṣirò:

Owó ọjà tí wọ́n rí gbà: ₦20,000 àti ₦1,600 = ₦21,600
Gbogbo owó tí wọ́n ná: ₦12,000 àti ₦400 = ₦12,400
Èrè: ₦21,600 dín ₦12,400 = ₦9,200

₦21,200 ni ó wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọ́n ti yọ owó aláàárù. Wọ́n kọ́kọ́ san ₦6,000 tí wọ́n yá, ó ku ₦15,200. Nínú èyí, ₦6,000 jẹ́ ojú owó tí àwọn fúnra wọn dá. ₦9,200 yòókù ni èrè.

Àǹtí ní, “Èló ni a ó fi gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kejì?” Wọ́n ronú. Garawa wà nílẹ̀, kò bàjẹ́, nítorí náà wọn kò ní ra òmíràn. Irúgbìn, ajílẹ̀, ọkọ̀ àti aláàárù nìkan ni wọn yóò san owó fún, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦7,400. Wọ́n mú ₦1,400 nínú èrè, wọ́n fi kún ₦6,000. Òwò kejì ti dúró láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

₦7,800 ni ó kù. Wọ́n dìbò lórí rẹ̀. Olúkúlùkù gba ₦100, èyí jẹ́ ₦3,000. Wọ́n sì fi ₦4,800 yòókù ra ìwé ìtàn sínú àpótí ìkàwé kíláàsì. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ra búrẹ́dì ni ó kọ́kọ́ yá ọ̀kan kà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí èyí: kì í ṣe gbogbo owó tí a bá pa ni ó jẹ́ èrè. Ẹni tí ó bá jẹ èrè rẹ̀ yóò tún tà lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ ojú owó ti jẹ òwò náà tán. Ẹyin ni í di àkùkọ, bí a kò bá sè é jẹ.

B. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

ojú owó: owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò
èrè: owó tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbogbo ohun tí a ná
àdánù: owó tàbí ọjà tí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́
àwìn: ọjà tí a gbà láìtíì san owó rẹ̀
èlé: owó tí a fi lé owó tí a yá nígbà tí a bá ń san án padà
akápò: ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀
ajílẹ̀: ohun tí a fi ń mú ilẹ̀ dára fún ọ̀gbìn
aláàárù: ẹni tí ń fi ẹrù rírù ṣe iṣẹ́

D. Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Ìbéèrè mẹ́ta wo ni Àǹtí bi àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó yan ohun tí wọn yóò tà?
2. Kí ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sọ tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́?
3. Kí ni ìdí tí wọ́n fi po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn?
4. Kí ni ìdí tí Àǹtí fi yọ ìdì 10 sọ́tọ̀? Ǹjẹ́ o rò pé ó tọ̀nà?
5. Ìyá olóúnjẹ san gbèsè rẹ̀, ọkùnrin tí ó ń kọjá kò san tirẹ̀. Kí ni akọ̀wé ṣe fún ti àkọ́kọ́ tí kò ṣe fún ti èkejì?
6. Báwo ni ìwé àkọsílẹ̀ ṣe ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ₦400 lọ?
7. Kí ni ìdí tí owó tí wọn yóò fi gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kejì fi kéré sí ti àkọ́kọ́?
8. Bí o bá wà nínú kíláàsì náà, kí ni ìwọ yóò ní kí wọ́n fi ₦7,800 ṣe? Sọ ìdí rẹ̀.

E. Fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo wọ̀nyí
(àwìn, èrè, ojú owó, akápò, àdánù)

1. Bàbá mi fi ₦10,000 bẹ̀rẹ̀ òwò bàtà. ₦10,000 ni ______ rẹ̀.
2. Ẹyin mẹ́fà fọ́ lọ́nà ọjà, ______ ni ó jẹ́ fún ẹlẹ́yin.
3. A fi owó ẹgbẹ́ wa sí ọwọ́ ______.
4. Ó ra ọsàn ní ₦500, ó tà á ní ₦700. ______ rẹ̀ jẹ́ ₦200.
5. Kò ní owó lọ́wọ́, nítorí náà ó gba gààrí ní ______.

Ẹ. Ìṣirò

1. Bí ọkùnrin tí ó gba ìdì 2 bá ti san owó rẹ̀, èló ni èrè wọn ìbá jẹ́?
2. Bí wọ́n bá tún ta ìdì 110 ní ₦200 lẹ́ẹ̀kejì, tí gbogbo ènìyàn sì san owó, tí wọ́n sì ná ₦7,400, èló ni èrè wọn yóò jẹ́?

F. Òwe

Sọ ìgbà tí a lè pa àwọn òwe wọ̀nyí:
1. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.
2. Ẹyin ni í di àkùkọ.
3. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè.

G. Iṣẹ́ àmúṣe

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́fà mẹ́fà. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹnìkan tí ń ṣòwò ní àdúgbò yín. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń tà, bí ó ti ń ṣọ́ ojú owó rẹ̀, àti bí ó ti ń ṣe ti àwọn tí ó bá gba àwìn. Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì wá kà á sí etígbọ̀ọ́ kíláàsì.